Kóòdù Onídìrí: Bí A Ṣe Yan Sọ́fúwíà fún Àwọn Alágbàtà Ọlọ́ṣẹ kan ní Àjàṣẹ́

Ọjọ́ Àìkú ni ìjà náà bẹ́ sílẹ̀, nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Tàǹtí, níbi tí wọ́n máa ń to àpótí ọṣẹ dúdú sí. Àbúrò ìyá mi ni Tàǹtí. Kétu ni wọ́n ti wá, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní ilẹ̀ Benin, ni wọ́n ti ń tajà, kò jìnnà sí ọjà Ouando. Ọṣẹ dúdú àti òrí tí àwọn obìnrin Kétu ń ṣe ni wọ́n ń tà, lórí Facebook, lórí WhatsApp, àti lórí ìkànnì kékeré kan tí mo bá wọn ṣe. Lọ́jọ́ yẹn, ènìyàn méjì dúró níwájú wọn, oníkálukú ń sọ pé òun lòun mú oníbàárà kan náà wá.

Kútọnu ni oníbàárà yìí wà. Ó ń ṣègbéyàwó ọmọ rẹ̀, ó sì ra ogójì ọṣẹ tó máa fi ta àwọn àlejò lọ́rẹ. Ẹyọ kan jẹ́ 1,500 sẹ́fà, gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ 60,000. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni Tàǹtí ń fún alágbàtà, ìyẹn ẹni tó bá mú oníbàárà wá, nígbà náà, nítorí náà 6,000 sẹ́fà ló wà nílẹ̀. Obìnrin onídìrí kan láti Kétu ní òun lòun fi ọṣẹ náà fọ irun ìyá ìyàwó yẹn nígbà tó wálé, òun náà ló fún un ní nọ́ńbà Tàǹtí. Tíṣà kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì ní Pobè ní àwọn làwọn fi fọ́tò ọṣẹ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, líǹkì tàwọn ló sì tẹ̀. Kò sí òpùrọ́ nínú àwọn méjèèjì. Nígbà tí Tàǹtí ṣí ìwé àkọsílẹ̀ wọn, orúkọ onídìrí wà níbẹ̀ pẹ̀lú bírò, orúkọ Tíṣà sì wà létí rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Tàǹtí gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, síbẹ̀ wọn ò ríbi gbà dá a. Wọ́n fún oníkálukú ní 6,000. Owó 12,000 jáde lórí ọjà kan ṣoṣo, èrè àwọn obìnrin tó ṣe ọṣẹ náà sì bá a lọ. Nígbà tí ilé dá, wọ́n yíjú sí mi: "Ìwọ ọmọ oníkọ̀ǹpútà, wá nǹkan ṣe sí i. Mi ò lè máa fi owó ọlọ́ṣẹ parí ìjà."

Ọdún 2025 lèyí ṣẹlẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ tìdí-tìdí nítorí mo mọ oníṣòwò púpọ̀ ní Àjàṣẹ́, ní Kétu, ní Sábẹ̀ẹ́, tí wàhálà yìí wà lọ́rùn wọn báyìí, tí wọ́n sì fẹ́ lọ sanwó fún sọ́fúwíà tí kò bá ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tajà mu.

Mẹ́tàlélógún ni àwọn alágbàtà Tàǹtí. Onídìrí wà nínú wọn, onígbàjámọ̀ kan wà ní Sábẹ̀ẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà ní Kútọnu, ìyá àgbà méjì sì wà ní Kétu tí wọn ò mọ̀wé kà rárá, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń tà ju gbogbo àwọn tó kù lọ. Iṣẹ́ alágbàtà kì í ṣe àjèjì sí wa. Ẹni tó bá mú ènìyàn lọ ra màlúù mọ̀ pé làádà òun wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìsọ̀ màlúù, ojú gbogbo wa ló ṣe. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó rà ò rí ẹni tó tà, ẹni tó tà ò sì mọ ẹni tó júwe òun. Sọ́fúwíà ló máa jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ìbéèrè tó yẹ kí n kọ́kọ́ bi ara mi ni pé: kí ni ẹlẹ́rìí yìí máa fojú rí lọ́jà Tàǹtí? Mi ò bèèrè. Mo sáré lọ wá èyí tó lórúkọ jù.

Èyí tí mo kọ́kọ́ mú jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun, orí sáfà tiwọn ló wà, owó oṣooṣù lèèyàn ń san. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ó lè dáa gan-an fún ẹlòmíràn. Wọ́n ní kí n dán an wò lọ́fẹ̀ẹ́ ná. Mo forúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún sílẹ̀, mo pín líǹkì fún wọn, inú mi ń dùn.

Owó ló kọ́kọ́ dà rú. Sẹ́fà wa kò ní sẹ́ǹtì. Ọ̀pọ̀ sọ́fúwíà ilẹ̀ òkèèrè, dọ́là àti euro ni wọ́n fi sọ́kàn nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́, nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn iye owó ni wọ́n sì máa ń kà sí sẹ́ǹtì. Ọṣẹ 1,500 wọlé, ohun tó hàn ni 15.00. Làádà rẹ̀ di 1.50. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá àgbà Kétu ní kí ọmọ-ọmọ wọn ka iye tí wọ́n rí sí wọn létí, ọmọ náà kà á bó ṣe rí: sẹ́fà kan àtààbọ̀. Ìyá pè mí lórí fóònù. Wọn ò bínú. Wọ́n kàn bèèrè bóyá ọṣẹ àwọn ò dáa mọ́ ni. Ó dùn mí ju kí wọ́n bú mi lọ.

Owó oṣooṣù náà tún wà níbẹ̀. Dọ́là ni wọ́n fi ń gbà á. Láti 1999 ni sẹ́fà ti so mọ́ euro, euro kan sí 655.957 sẹ́fà, kì í yẹ̀. Dọ́là ní tirẹ̀ ń gòkè ó ń sọ̀ kalẹ̀. Oníṣòwò kékeré tó bá gba gbèsè dọ́là sọ́rùn lóṣooṣù kò lè mọ iye tí sọ́fúwíà máa jẹ nínú èrè oṣù tó ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n líǹkì ló jẹ́ kí ojú mi là. Líǹkì alágbàtà ní àmì kan nídìí rẹ̀. Bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́, ìkànnì á fi fáìlì kékeré tí wọ́n ń pè ní kúkì sínú bíráwúsà rẹ̀, ohun tó fi ń ṣí íntánẹ́ẹ̀tì. Lou Montulli ló ṣe kúkì ní Netscape ní 1994, kì í sì í ṣe torí alágbàtà ló fi ṣe é. Kí ìkànnì lè máa rántí ẹni tó wá ni. Lọ́jọ́ tí ẹni náà bá padà wá ra nǹkan, kúkì ló máa sọ pé líǹkì lágbájá ló gbé e wá. Bí bíráwúsà bá yí padà, bí fóònù bá yí padà, tàbí tí ènìyàn pa kúkì rẹ̀ rẹ́, ẹ̀rí ti lọ nìyẹn.

Mo fi ọjọ́ mẹ́ta jókòó ti Tàǹtí, mo ń wo bí ọjà ṣe ń wọlé gan-an. Kọmáǹdì 31, ìyẹn ọjà tí oníbàárà ní ká gbé wá fún òun, ló wọlé. Mẹ́rin péré nínú wọn ló gba orí ìkànnì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn yòókù pe Tàǹtí lórí fóònù, tàbí kí wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ní Yorùbá, ní Ògù, ní Faransé. Ọ̀kan rí ọṣẹ náà lórí Facebook, ó tẹ líǹkì. Bíráwúsà inú Facebook fúnra rẹ̀ ló ṣí i, kúkì sì há síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó ṣí ìkànnì nínú Chrome, ó rà á. Sọ́fúwíà ní kò sẹ́ni tó mú un wá. Àwọn ènìyàn wa tó wà ní ilẹ̀ Faransé, tí ọ̀pọ̀ wọn ń lo iPhone, ní tiwọn, Apple ti ń dí kúkì lọ́nà nínú Safari, bíráwúsà tiwọn, láti 2017, nígbà tó sì di 2019, kúkì tí kóòdù ojú ìwé bá fi síbẹ̀ kì í pẹ́ ju ọjọ́ méje lọ mọ́. Ìyá ìyàwó Kútọnu lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó ra ọṣẹ ìgbéyàwó rẹ̀.

Kúkì tún ṣeé fi ṣe jìbìtì. Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó jẹ́ alágbàtà ńlá fún ìkànnì ìtajà eBay ń fi kúkì sínú bíráwúsà àwọn tí kò tẹ líǹkì rẹ̀ rí; bí wọ́n bá wá dé eBay fúnra wọn tí wọ́n rajà, òun ló ń gba làádà. Wọ́n rán an lẹ́wọ̀n oṣù márùn-ún ní 2014. Mo sọ ọ́ fún Tàǹtí. Wọ́n ní: "Ìyẹn ni pé ẹlẹ́rìí tìrẹ ṣeé fi owó rà." Mo dákẹ́.

Mo wá jókòó, mo gbé sọ́fúwíà tì, mo kọ ohun tí ẹlẹ́rìí wa lè rí sórí bébà. Ohun méjì péré ni gbogbo oníbàárà Tàǹtí ní: ẹnu tó lè fi dárúkọ ẹni tó júwe wọn, àti nọ́ńbà fóònù. Wọn ò ní ímeèlì, tàbí kí wọ́n ní in kí wọ́n má rántí rẹ̀. Sọ́fúwíà tí kò bá lè fi kóòdù, ìyẹn ọ̀rọ̀ kúkúrú tí oníbàárà á fi dárúkọ alágbàtà, àti nọ́ńbà fóònù ṣe ẹ̀rí, kò wúlò fún wa, ì báà lẹ́wà bí òṣùmàrè.

Pẹ̀lú bébà yẹn lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ nǹkan já kúrò nílẹ̀ kíákíá. Àwọn ilé alágbàtà ńlá bí Awin, ibi tí ilé-iṣẹ́ ti ń wá alágbàtà tí wọn ò mọ̀ rí ni. Àwa mọ àwọn tiwa, a mọ ilé bàbá wọn. Rewardful dáa fún àwọn tó ń ta nǹkan olówó oṣooṣù lórí Stripe tàbí Paddle, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń bá oníṣòwò gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n Stripe kì í ṣí àkáǹtì fún ilé-iṣẹ́ tó wà ní Benin, MoMo, owó orí fóònù, làwọn oníbàárà wa sì fi ń sanwó. Tapfiliate àti Post Affiliate Pro lágbára, wọ́n sì mọ kóòdù lò, ṣùgbọ́n owó oṣooṣù ni, àti pé gbogbo nọ́ńbà fóònù àwọn ènìyàn wa á máa gbé nílé onílé. Òfin ìlú wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ń pè ní Code du numérique, nọ́ńbà 2017-20, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ogúnjọ́ oṣù kẹrin 2018, ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ohun ìdánimọ̀ tó yẹ ká dáàbò bò, APDP, àjọ tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni, ló sì ń mójú tó o. Mi ò fẹ́ kí Tàǹtí máa ru ẹrù tí kò ní láárí.

Ohun tó kù ni plugin, àfikún sọ́fúwíà kékeré, tó ń ṣiṣẹ́ nínú WooCommerce, ètò tí wọ́n fi ń tajà lórí ìkànnì, nítorí orí WooCommerce ni ìkànnì Tàǹtí wà tẹ́lẹ̀, FedaPay àti KKiaPay, tí wọ́n jẹ́ ti ilẹ̀ wa níbí, sì ní ọ̀nà tí wọ́n gbà wọ inú rẹ̀ fún MoMo. Ẹ̀yà plugin alágbàtà pọ̀, AffiliateWP lórúkọ jù nínú wọn. Mo kó mẹ́ta jọ, mo dá ìkànnì àfiṣàpẹẹrẹ kan sílẹ̀, mo sì fi ọ̀sẹ̀ méjì dán wọn wò bí ẹni ń dán omi wò kí ó tó wọ̀ ọ́. Mi ò ka ìpolówó wọn. Mo rajà.

Ọjà kìíní: mo fi kóòdù rà á, mo sanwó. Gbogbo wọn ṣe é dáadáa. Ọjà kejì: mo tẹ líǹkì ẹnì kan, mo lo kóòdù ẹlòmíràn. Ọ̀kan fún oní-líǹkì lówó, ọ̀kan fún oní-kóòdù, ẹ̀kẹta kọ orúkọ àwọn méjèèjì sílẹ̀. Èyí tó fún oní-kóòdù ni mo mú, nítorí líǹkì jẹ́ ohun tí fóònù rántí, kóòdù sì jẹ́ ohun tí ènìyàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ọjà kẹta: mo rà á, mo dá a padà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá làádà á bá ọjà padà. Ọjà kẹrin ló gba àkókò mi jù. Mo ṣe bí ọmọbìnrin tó ń bá Tàǹtí gba kọmáǹdì lórí fóònù: mo gba ẹ̀yìn ìkànnì wọlé, mo fi ọwọ́ kọ kọmáǹdì náà, mo fi kóòdù sí i. Kò sí làádà. Ìdí rẹ̀ ni pé ojú ìwé ìsanwó ni plugin náà ti ń ṣọ́nà, kọmáǹdì tí a kọ láti ẹ̀yìn kò sì gba ibẹ̀ kọjá. Bí mi ò bá dán ìyẹn wò, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú kọmáǹdì 31 Tàǹtí ni ìbá ṣòfò. Láti ìgbà náà, ọmọbìnrin yẹn kì í gba ẹ̀yìn mọ́, ojú ìkànnì ló ń gbà bíi oníbàárà, á bi ẹni tó wà lórí fóònù pé, "Ta ló júwe wa fún yín?", á sì tẹ kóòdù náà fún un.

Àpótí ímeèlì ló tún dí wa lọ́nà. WooCommerce kì í jẹ́ kí ènìyàn parí ọjà láìkọ ímeèlì, àyàfi tí a bá yí i. Ọmọbìnrin náà wá ń kọ ímeèlì ṣọ́ọ̀bù fún gbogbo ẹni tí kò ní. Mo ti ṣe é kí ẹnì kan má lè lo kóòdù kan ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, kí àwọn tó ń rà lọ tún tà má bàa máa fi ẹ̀dínwó tó wà lórí kóòdù jẹ wá. Ímeèlì ni WooCommerce fi ń mọ ẹni. Lọ́jọ́ kìíní, ẹni kẹrin pè láti Sábẹ̀ẹ́ pẹ̀lú kóòdù onígbàjámọ̀, ìkànnì ní ó ti lò ó tó. Kò lò ó rí láyé rẹ̀.

Ọgbọ́n tí mo dá sí i ni pé kí a fi nọ́ńbà fóònù ṣe ímeèlì: nọ́ńbà oníbàárà níwájú, orúkọ ìkànnì Tàǹtí lẹ́yìn. Nọ́ńbà kan, ènìyàn kan. Bẹ́ẹ̀ sì ni mo ṣe tún kan ògiri mìíràn, èyí tí gbogbo oníṣòwò ní Benin gbọ́dọ̀ mọ̀. Ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kọkànlá 2024, nọ́ńbà fóònù wa kúrò ní oókan mẹ́jọ, ó di mẹ́wàá, 01 ló wọ iwájú gbogbo wọn. Àwọn oníbàárà Tàǹtí tó ti pẹ́ wà nínú ìwé pẹ̀lú mẹ́jọ, àwọn tuntun wà pẹ̀lú mẹ́wàá, ẹnì kan náà sì ti di ènìyàn méjì. Nígbà tí mo kó wọn sínú Excel kí n lè tún wọn ṣe, Excel gbé òdo iwájú jẹ, nítorí ó rò pé nọ́ńbà ìṣirò ni. 01 di 1. Mo ní láti sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ni kó ka ìlà yẹn sí kí ó tó fi òdo sílẹ̀. Odidi òru kan ni mo fi tún nọ́ńbà tó lé ní ẹgbẹ̀rin ṣe. Mo gba ẹni tó bá ń kó sọ́fúwíà tuntun wọlé níyànjú pé kí ó tún nọ́ńbà ṣe kí ó tó ra ohunkóhun.

Kóòdù fúnra rẹ̀ wá kù. Sọ́fúwíà ló kọ́kọ́ dá kóòdù sílẹ̀ fún oníkálukú: lẹ́tà mẹ́jọ tó dàpọ̀ mọ́ nọ́ńbà, tí òdo àti O jọ ara wọn. Mo gbé e lọ sí Kétu, mo jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù onídìrí ní ọ̀sán kan. Obìnrin kan wà lórí àga, orí rẹ̀ kún fún ìfóòfó ọṣẹ, onídìrí ń wẹ̀ ẹ́, ó sì ń sọ ibi tó ti lè rí ọṣẹ náà rà ní Kútọnu. Ó fẹ́ sọ kóòdù. Ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ, ó gbé fóònù, ó wá a, ó kà á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ìfóòfó pé òun ò lè rántí gbogbo ìyẹn láti ibí dé Kútọnu. Mo bi onídìrí pé kí ló máa fẹ́ kí kóòdù òun jẹ́. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Irun," ló wí.

IRUN ló di. Gbogbo kóòdù wa jẹ́ ọ̀rọ̀ kan tó ṣeé pè ní Yorùbá àti ní Ògù, tí kò ní ẹ tàbí ọ tàbí ṣ nínú, nítorí fóònù ẹlòmíràn kì í kọ àmì abẹ́, ẹlòmíràn á sì kọ ọ́. Sọ́fúwíà ò mọ̀ pé OSE àti ỌṢẸ jẹ́ ọ̀kan. Lẹ́tà ńlá tàbí kékeré kò ṣe nǹkan kan, WooCommerce ka méjèèjì bákan náà.

Ṣùgbọ́n kí ló máa mú oníbàárà kọ kóòdù? Tàǹtí ò fẹ́ gbọ́ ẹ̀dínwó. A jọ ṣèṣirò rẹ̀ lórí ọjà ìgbéyàwó yẹn. Bí oníbàárà bá jèrè ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, 60,000 á di 57,600. Bí làádà bá wá sílẹ̀ sí ìdá mẹ́jọ, tí a sì ṣírò rẹ̀ lórí iye tó wọlé gan-an, láìka owó ìgbéjàlọ mọ́ ọn, ó jẹ́ 4,608. Gbogbo ohun tó máa jáde lọ́wọ́ Tàǹtí jẹ́ 7,008. Ó ju 6,000 lọ, kò sì tó 12,000. Wọ́n wo bébà náà pẹ́ kí wọ́n tó gbà.

Àwọn alágbàtà ò kọ́kọ́ gbà pé kí làádà dín kù. Wọ́n pàdé nílé Tàǹtí. Tíṣà ló sọ ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wọn: "Ìdá mẹ́wàá tí a ò mọ ọjọ́ tó máa dé, àti ìdá mẹ́jọ tó ń dé lọ́jọ́ Ẹtì, èwo ni?" Tàǹtí ṣèlérí ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n sì ń pa á mọ́. Láràárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo máa ń gba fáìlì owó jáde nínú plugin, Tàǹtí á sì fi ọwọ́ ara wọn san án lórí MoMo, Moov tàbí Celtiis, wọ́n á tún fi ohùn ránṣẹ́ sí àwọn ìyá àgbà Kétu méjèèjì pé ọṣẹ báyìí, òrí báyìí, owó yín báyìí. Àwọn ìyá yìí ò tíì wo ojú ìwé sọ́fúwíà rí, kò sì sí ìdí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ wò ó. Àwọn tó mọ̀wé ń wò ó ní Faransé. Mo pa nọ́ńbà oníbàárà mọ́ kúrò níbẹ̀. Iye ọjà nìkan ni alágbàtà ń rí.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi kóòdù ara wọn rà fún ara wọn, Tàǹtí dá a ní gbólóhùn kan: kí wọ́n gba ẹ̀dínwó, kí wọ́n má gba làádà. Plugin ń mọ̀ wọ́n nípa ímeèlì, ímeèlì wa sì ti di nọ́ńbà fóònù. Ìyẹn parí síbẹ̀.

Ohun kan bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ lóṣù àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ń san owó nígbà tí ọlọ́kadà bá gbé ọjà dé ẹnu ọ̀nà wọn. Irú kọmáǹdì bẹ́ẹ̀, lójú ẹsẹ̀ ni WooCommerce máa ń gbé e sí ipò "Processing", plugin sì kà á pé owó ti wọlé. Alágbàtà kan rí làádà ọjà mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ò gbà lọ́wọ́ ọlọ́kadà. Ọjà padà sí Àjàṣẹ́, làádà ti lọ sí Kútọnu. Tàǹtí ò gbà á padà lọ́wọ́ ọmọ náà, akẹ́kọ̀ọ́ ni, wọ́n ní àṣìṣe tiwa ni. Mo yí i padà kí gbogbo ọjà ìsanwó-lẹ́nu-ọ̀nà máa kọ́kọ́ wà ní "On hold", ìyẹn pé ó ṣì dúró. Ọlọ́kadà á pè pé owó ti dé ọwọ́, ọmọbìnrin á tẹ̀ ẹ́ sí "Completed" (ó ti parí), ìgbà yẹn ni làádà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Títí di báyìí, ìyẹn ni iṣẹ́ ọwọ́ tó pọ̀ jù nínú gbogbo ètò náà, mi ò sì tíì rí sọ́fúwíà tó lè bá wa ṣe é, torí ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́kadà ni.

Lóṣù tó kọjá, ìyá ìyàwó Kútọnu tún dé. Ọmọ rẹ̀ kejì ló ń lọ sílé ọkọ. Ọgọ́ta ọṣẹ ló fẹ́, 90,000 sẹ́fà. Orí ìkànnì ló ti ń rà á lọ́tẹ̀ yìí, ó sì dúró níwájú àpótí kóòdù, nítorí mo ti ṣe é kó má gbà ju ẹyọ kan lọ. Ó pe Tàǹtí, èmi náà wà níbẹ̀, fóònù wà lórí tábìlì pẹ̀lú ohùn rẹ̀ níta.

"Ẹ jọ̀ọ́ ìyá, àwọn méjèèjì ló sọ fún mi o. Tíṣà fi fọ́tò ránṣẹ́, ọmọ Kétu fọ̀ ọ́ sí mi lórí. Kóòdù ta ni kí n kọ?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀," ni Tàǹtí wí. "Èmi ò sí níbẹ̀."

Obìnrin náà dákẹ́ fúngbà díẹ̀. A ń gbọ́ ìró ọkọ̀ Kútọnu lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kọmáǹdì yọ lójú kọ̀ǹpútà mi: 86,400, IRUN, làádà 6,912. Tàǹtí ò dúró di ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n gbé fóònù, wọ́n pe Tíṣà ní Pobè, kí wọ́n má bàa gbọ́ ọ níta. Mo gbọ́ ohùn Tíṣà tó ń bèèrè pé ṣé obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló yàn án. Tàǹtí ní bẹ́ẹ̀ ni. Tíṣà ní kò burú, kí a bá àwọn kí ìyàwó, kí a sì fi ọṣẹ mẹ́wàá ránṣẹ́ sí àwọn, àwọn ní ibi tí àwọn ń fọkàn sí.